Mẹ́jọ àti Mẹ́jọ Lẹ́yìn Àpótí

Ajé, 3 oṣù kẹta
Àwọn tí a bí: ọmọbìnrin fún àbíkẹ́yìn mi, ìbejì fún ọmọ àbúrò mi, ọkùnrin méjèèjì. Ẹni tó gbéyàwó: àkọ́bí mi, ẹni tó ní òun ò ní fẹ́yàwó láéláé. Ọpẹ́ ni.
Ó ku Gìtáléjìká, ọmọ ọmọ mi obìnrin. Gìtá lọkọ tirẹ̀. Ó ń lọ bá ẹgbẹ́ olórin kan ní ìlú kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa fi dán an wò. Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ olówó oṣù ni.

Ìṣẹ́gun, 4
Atúnrédíòṣe wá to àpótí sípíkà tí Gìtáléjìká máa gbé lọ. Sípíkà méjì nínú àpótí kan. Ó fi òjé jó wáyà wọn pọ̀, ó dé ẹ̀yìn àpótí. Ó ku kí a kọ iye óòmù sí i — bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó nìyẹn. Áńpù ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, ní ihò mẹ́ta: 4, 8, 16. Iye àpótí àti iye ihò gbọ́dọ̀ bára mu. Oníbàárà pè é lórí fóònù. Ó ní òun á padà wá kọ ọ́ nírọ̀lẹ́.
Èmi tí mo ti ka 8 lẹ́yìn sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí ni mo ń dúró dè? Mo fi ọ̀dà funfun kọ 16, gbàgàdà. Gìtáléjìká ní, “Màmá, ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní, “Ta ló gba àádọ́rùn-ún nínú ìdánwò ìṣirò ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà?” A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.
Atúnrédíòṣe dé nírọ̀lẹ́. Mo ní a ti kọ ọ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ìyá,” ó yí padà.

Ọjọ́rú, 5
Gìtáléjìká ti lọ.

Àbámẹ́ta, 8
Kò pè. Fèrèsé, ìlẹ̀kùn, fèrèsé. Mo gbálẹ̀ ilé lẹ́ẹ̀mẹta.

Àìkú, 9
Ó pè. Áńpù rú èéfín láàárín orin kejì. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ní àìmọṣẹ́ rẹ̀ ni, pé kó máa palẹ̀ mọ́ di ọjọ́ Ẹtì. “Ihò 16 ni mo ki wáyà rẹ̀ bọ̀, Màmá. N ò mọ ohun tí mo ṣe.” Mo ní pẹ̀lẹ́.

Ajé, 10
Ilé atúnrédíòṣe ni mo jí lọ, mo ròyìn fún un.
“Ta ló kọ mẹ́rìndínlógún? Mẹ́rin ni.”
Ó ní bí iná bá gba inú ọ̀kan kọjá kó tó dé inú èkejì, ká rò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ara wọn lòun so wọ́n sí. “Ìyá, bí ilé bá ní ìlẹ̀kùn kan, tí ẹ wá ṣí èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣé èrò á há jù tàtẹ̀yìnwá ni?”
“Rárá. Wọ́n á máa ya jáde.”
“Bí iná ṣe ya jáde nìyẹn. Ìdènà ti dín sí ìdajì. Ihò 16 ò lè gbé e, áńpù jó.”
Ètè àìmétè ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ọmọ ló ń jẹ ìyà.

Ìṣẹ́gun, 11
Kíláàsì. Olùkọ́ ní ìṣirò mi ò ní àṣìṣe kankan. Aránṣọ tó ń jókòó tì mí ní, “Ìṣirò yè, áńpù kú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo pe Gìtáléjìká, mo sọ fún un. Ó ní, “Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Èmi ni kí wọ́n rò pé ó ṣe é.” Mo ní kó fún ọ̀gá rẹ̀ ní fóònù. Mo jẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà, láti orí 8 dé orí ọ̀dà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹni tó ń dáná sunlé kì í sábà wá jẹ́wọ́.” Ó ní bí áńpù bá yè, kí ọmọ mi tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sọ iye àtúnṣe: 38,000.

Ẹtì, 14
Ilé ìfowópamọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù láti fi owó àtúnṣe ránṣẹ́. Kí n tó fi í sílẹ̀, mo bẹ akọ̀wé pé kó bá mi ka iye náà sókè, kó fara balẹ̀ kà á. Ó kà á: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì.