Ẹ̀kán Ojú Tí Ó Dé Ọ̀fun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù karùn-ún 2019. Ààwẹ̀ kejìlá. Ìlú Rajshahi.

Oògùn ni ohunkóhun tí kì í ṣe oúnjẹ, tí ó wọ ara láti ìta, tí ó sì yí iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń ṣe padà. Bí mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ ọdún kejì láàárọ̀ yìí nìyẹn. Gbólóhùn kan péré. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ wọn bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí oògùn ń bá a ṣe, n kò sì tíì rí ìdí láti tún un kọ.

Mo délé. Hasna pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Bhabi, Abba ṣubú ní mọ́sáláṣí." Bhabi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ló ń pè mí. Hasna ni àbúrò ọkọ mi, opó, ẹnu mú. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Abba ni bàbá wọn, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Òun ni Ọ̀gá Rélùwéè.

Ó ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ ni ojú bá ṣú u. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ló gbá a mú. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọkàn lù ní ìgbà mọ́kànlélógójì. Mo tún un kà. Mọ́kànlélógójì. Ó yẹ kó lé ní ọgọ́ta.

"Abba, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan lẹ́yìn ìṣínu. Ìwọ fúnra rẹ lo ń kó o lé mi lọ́wọ́."

"Kò sí òmíràn?"

"Bouma, ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?" Bouma, ìyàwó ọmọ. Bó ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 19.

Ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán ìrìn ọkàn rẹ̀. Obaidul, dókítà ọkàn tí a jọ kàwé, tẹ́ bébà gígùn náà sórí tábìlì, ó ń fi bírò tọ́ka. Ó ní iná tó ń tan ọkàn ti gbó. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà Abba tí yóò máa ta ọkàn náà jí. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ní tí a bá fi falẹ̀, ọkàn lè dúró níjọ́ kan kó má tún gbéra mọ́.

N kò gbà. Ohun tó ń gbó kì í gbó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní ìwé àyẹ̀wò oṣù tó kọjá lọ́wọ́: ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Mo ṣàlàyé fún Hasna nínú rìkíṣọ́, kẹ̀kẹ́ akérò, bí a ṣe ń bọ̀. Iṣan méjì ló ń darí eré ọkàn. Ọ̀kan ń tì í síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Èyí tí ń tì í máa ń tú èròjà kan sílẹ̀. Èròjà náà á wọ ihò tó bá a mu lára ọkàn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo, ọkàn á sì sáré. Àwọn oògùn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n lọ jókòó sínú ihò yẹn, kí kọ́kọ́rọ́ má ráyè wọlé. Bí ọkàn Abba ṣe ń rìn yìí jọ ti ẹni tó gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì.

"Ó gbé e mì nígbà tó ń gbààwẹ̀?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ìbéèrè tó dáa ni.

Ọjọ́ Ajé, 20.

Ogójì. Mo tú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, àpótí rẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21.

Mo ti rí i.

Mo tètè dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ti kírun Àlàásàrì. Ọ̀gá Rélùwéè wà lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, Kùránì ńlá níwájú rẹ̀. Kó tó ṣí i, ó nawọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó mú ìgò kékeré kan, ó gbé orí sókè. Tó! Ojú ọ̀tún. Tó! Ojú òsì.

Ẹ̀kán ojú rẹ̀ ni. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń lò ó, nítorí ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ ga. Ó ti pa ojú òsì. Ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran. Gbogbo ilé mọ ìgò náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ àti alẹ́ ni dókítà kọ.

"Abba, kí lẹ ń fi ẹ̀kán ṣe lásìkò yìí?"

"Kí ojú mi lè mọ́. Mo fẹ́ parí Kùránì kí ọdún tó dé. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, kí n tó kà."

Ìrun márùn-ún. Ojú méjì. Ẹ̀kán mẹ́wàá lójúmọ́ dípò mẹ́rin.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀. Gbogbo ohun tó ń gba ẹnu wọlé la ti tì pa. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi yín ní oògùn tí ẹ ń lò?"

"Oògùn lo bi mí. Ẹ̀kán nìyí."

Hasna bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Ìgò tó ń wò yín láti ojú fèrèsé lójoojúmọ́. Ìgò náà ì bá ti sọ̀rọ̀!"

Irú oògùn tí mo ṣàlàyé nínú rìkíṣọ́ gan-an ló wà nínú ìgò yẹn. Nínú ojú, ó ń dín omi tó ń kún ẹyinjú kù. Ṣùgbọ́n kì í dúró sínú ojú. Ní igun ojú tó kángun sí imú, ihò tín-ín-rín kan wà tí omijé ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú imú — ìdí nìyẹn tí ikun fi ń dà nígbà tí a bá ń sunkún. Ẹ̀kán ń gba ibẹ̀. Láti imú, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Èyí tí a bá gbé mì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó gba imú kò rí ẹ̀dọ̀ rárá kó tó dé ọkàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí abẹ́rẹ́.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún un, pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó dúró níwájú pátákó.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ṣé láti imú, ó ń dé ọ̀fun?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀ nínú rẹ̀."

Ó pa Kùránì dé. Kò ṣí i mọ́ títí di ìṣínu. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́rú, 22.

Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọkàn ń padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti jáwọ́ nínú ẹ̀kán pátápátá, àti ọ̀sán àti òru. Hasna bá ìgò náà nínú ibi ìdalẹ̀nù, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e fún mi.

Mo pe Lutfa, dókítà ojú rẹ̀. Ó ní ó dáa kó sinmi díẹ̀ nítorí ọkàn, àmọ́ kó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ̀kán mìíràn tí kì í bá ọkàn jà, Abba ti dán an wò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bíi gúáfà. Èyí tó ń lò yìí nìkan ni ara rẹ̀ gbà. "Apa," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, "ojú kan ló kù. Iṣan ìríran tó bá kú kì í jí."

Mo lọ bá Lèmọ́mù fúnra mi. Ó wá kí i. Ó jókòó, ó ní ojú kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀kán kò ba ààwẹ̀ jẹ́, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Abba dúpẹ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà, ó wò mí.

"Lèmọ́mù kò mọ ohun tí mo mọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbọ́ ìkorò rẹ̀ lọ́fun. N kò bi ẹnikẹ́ni rí, kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi lóhùn. O wá dá mi lóhùn."



Ọjọ́bọ̀, 23.

Méjìdínlọ́gọ́ta! Obaidul ka ìlù náà fúnra rẹ̀, ó tún ya àwòrán. Ó fa orúkọ Abba yọ nínú ìwé iṣẹ́ abẹ. "O ṣẹ́gun mi, ọ̀rẹ́. Ẹ̀kán ojú! N kò bi í." Èmi náà kò bi í bó ṣe yẹ. Láti òní lọ, ìbéèrè mi ni: kí lẹ ń gbé mì, kí lẹ ń fi pa ara, kí lẹ ń kán sójú, sétí, símú?

Ìdajì ni mo ṣẹ́gun o. Ọ̀dọ̀ Lutfa la gbà lọ. Ìfúnpá ojú ọ̀tún ti kúrò ní mẹ́rìndínlógún, ó ti di mẹ́tàlélógún. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré: lẹ́yìn ìṣínu àti nígbà sààrì, kí n sì máa ka ọkàn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Abba kọ̀. "Èyí tí mo bá kán nígbà sààrì, ó ṣì ń ṣàn lọ́fun mi nígbà tí wọ́n bá pèrun. Ó di ẹ̀yìn ọdún."

Ọdún ku ọjọ́ mẹ́tàlá.

Hasna: "Abba, tí ojú bá fọ́, ta ni yóò ka Kùránì ọ̀hún fún yín? Èmi tí mo máa ń sùn lójú ìwé kejì?"

"Ìwọ máa sùn lọ. Màá ka èyí tí mo ti há sórí."

Ọjọ́ Ẹtì, 24.

Ihò náà wà lábẹ́ awọ, kò jìn. Bí mo bá fi ìka tẹ igun ojú mi báyìí, mo ti dí i. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ní èyí lọ́dọọdún, ó wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ihò ọ̀hún. Ọdún mẹ́jọ ni ìgò náà ti wà nínú ilé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25.

Lẹ́yìn ìṣínu. Abẹ́rẹ́ ń kó àwo muri, ìrẹsì yíyan, kúrò nílẹ̀, Ọ̀gá Rélùwéè ń bó mángòrò Gopalbhog àkọ́kọ́ ọdún yìí. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò bá a jiyàn. Mo gbé ẹ̀kán tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ojú jáde, èyí tó korò bíi dongoyárò, mo kán ọ̀kan sójú ara mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ojú mi fi rún.

"Ó dé ọ̀fun," ni mo wí.

Mo fi omi fọ ẹnu. Mo kán ojú kejì, mo pa á dé, mo fi ìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́bàá imú. Ìṣẹ́jú méjì. Mo nu ojú, mo mú ìka kúrò. Kò sí nǹkan kan.

"Irọ́ ni!" Hasna gba ìgò náà. Ó kán tirẹ̀ láìtẹ ojú, ó sáré lọ tutọ́, ó ń bú mi. Ó padà, ó kán èkejì, ó tẹ igun rẹ̀. "Abba. Òótọ́ ni o."

Abba ti gbé mángòrò sílẹ̀. "Ṣé ó dí pátápátá?"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un. "Rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò ní kọjá. Èyí tó kù kéré, ọkàn yín lè gbé e."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tí n kò tọ́ wò, Ọlọ́run ni yóò forí rẹ̀ jì mí. Mú tèmi wá."

Ìgò tuntun. Ẹ̀kán kan, ojú ọ̀tún. Mo gbé ìka rẹ̀ sí igun náà. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ó ń wo aago ara ògiri pẹ̀lú ojú tí kò ríran, ó rántí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Hasna kà á. Hasna kà á sókè. Ọgọ́fà.

Ó mú ìka kúrò. Ó gbé itọ́ mì. Ó tún gbé e mì.

"Kò korò."

Hasna sún mọ́ ọn.

"Kò korò, Bouma." Ohùn rẹ̀ yí. "Ọdún mẹ́jọ. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Mo ní, "Abba, èmi ni mò ń kọ́ wọn. Èmi ni mi ò sọ fún yín."

Ó gé mángòrò, ó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ tó nípọn.

Ọjọ́rú, 29.

Ọkàn: méjìlélọ́gọ́ta. Ojú: mẹ́tàdínlógún. Obaidul kò fẹ́ rí i títí di oṣù méjì. Ó ṣì ku apá mẹ́fà nínú ọgbọ̀n kí Abba parí Kùránì. Kò sí ẹ̀kán lójú rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Ó ní òun yóò san ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òun fi kán ojú lọ́sàn-án padà lẹ́yìn ọdún, bí Lèmọ́mù tilẹ̀ ní kò pọn dandan. Ó ní Lèmọ́mù kọ́ ni òun ń san án fún.

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà. Àwọn arúgbó mẹ́rin nínú mọ́sáláṣí ló ń kán ojú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo kọ rèé:

Fọ ọwọ́. Gbé orí sókè, fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kán ẹyọ kan péré. Iye ìgbà tí dókítà kọ ni kí o lò, má fi kún un, má sì dá a dúró fúnra rẹ. Pa ojú dé, má ṣẹ́jú. Fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́bàá imú, kó le díẹ̀, kó má dunni. Ka ọgọ́fà jẹ́jẹ́. Nu ohun tó bá ṣẹ́ kù lójú kí o tó mú ìka kúrò.