Okùn Gìtá Tí Bàbá Dè

Màmá mi,

Ọjọ́ Ajé ló tó yé mi pé gìtá Bàbá, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìsìnkú, kò bàjẹ́ bí mo ṣe rò nígbà tí ohùn rẹ̀ kò bá tàwọn gìtá yòókù mu. Olùkọ́ gìtá wa wá kí mi, ó fi kápò, irin kékeré tó ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí ojú kẹta lára ọrùn náà, ó ní, "Má tẹ nǹkan kan. Ṣáà gbá a." Mo gbá a. Orin tí Bàbá fi ń jí wa ló bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ ní, "Etí tìrẹ ló bàjẹ́, ọmọ yìí. Bí ẹni tó ni ín ṣe fẹ́ kó dún ló de okùn rẹ̀."

Ara mi le, ẹ má mikàn. Mi ò tíì padà sí kíláàsì, mo kàn ń sinmi ni. Láràárọ̀ ni mò ń gbá a, màá wá dákẹ́ níbi tó yẹ kí ohùn Bàbá ti wọlé.

Àwọn okùn náà ti dípẹtà. Olùkọ́ ní kí n tú wọn kí wọ́n tó já sí mi lójú.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ọwọ́ Bàbá ló dè wọ́n kẹ́yìn, Màmá. Ṣé kí n tú wọn?