Rodo Mẹ́rìnlélógún Nínú Yàrá ní Laurel

Laurel, Maryland,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì.

Kọ́ládé ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀, ìwọ àti ìyàwó rẹ, kó sì bá Ìbàdàn níbi tí mo fi í sí. Ara mi le. Orúnkún tó ń dùn mí nígbà tí mo wà ní Ìgbòho ti dákẹ́, bóyá òtútù ibí ló dẹ́rù bà á. Ọlọ́ládé, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ wálé, ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù sì máa ń gé èèyàn lẹ́nu.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn ata lábẹ́ ìjọba. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Yétúndé àbúrò rẹ ní oṣù kẹjọ, mo tọ́ ata tí wọ́n ń tà níbí wò. Ó pọ́n, ó ń dán, kò ta. Mo wá yọ irúgbìn nínú rodo tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Hyattsville, mo gbìn ín sí ìkòkò mẹ́rìnlélógún nínú yàrá mi.

Bí mo ṣe ṣe é rèé, bóyá ìwọ náà yóò dán an wò. Oòrùn ibí lásìkò òtútù kò yàtọ̀ sí àlejò, kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ó ti lọ sílé rẹ̀. Iná ni mo fi rọ́pò rẹ̀, gílóòbù gígùn mẹ́rin tó ń tan àwọ̀ àlùkò, mo so wọ́n rọ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta sókè ewé. Wákàtí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń tàn, mẹ́wàá ni wọ́n ń sinmi, torí ata náà ń sùn. Tí o bá fẹ́ bomi rin ín, ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kìíní. Bó bá tutù níbẹ̀, fi sílẹ̀. Kò sí atẹ́gùn nínú yàrá, kò sí oyin, òdòdó sì ń rẹ̀ dànù títí mo fi rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín Yétúndé, èyí tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Mo ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan òdòdó kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ń dà, ata ń so. Mo máa ń nù ún kí n tó dá a padà.

Ibi tí iná náà ti ń wá nìkan ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Inú fóònù Yétúndé ni wọ́n ti ń tàn án. Bó bá wà ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yóò tẹ fóònù lọ́hùn-ún, iná yóò tàn níhìn-ín. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé ilé ìwòsàn náà ló ń fún wa ní iná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, Jessica tó ń jókòó ní ọ́fíìsì àwọn onílé ti fọ́ọ̀mù kan sábẹ́ ilẹ̀kùn. Yétúndé wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo kà á. Wọ́n ní àwọn ará òdìkejì ń rí iná àlùkò ní fèrèsé wa. Kí a kọ ohun tí a ń gbìn, iye rẹ̀, àti àwọn tí a ń fún, ẹnìkan yóò sì wá wò ó. Kọ́ládé, inú mi dùn. Gbogbo ọdún tí mo fi gun alùpùpù kiri oko olóko, kò sí ẹni tó wá wo tèmi rí. Mo ní ìjọba ibí mọ iṣẹ́.

Àyè inú fọ́ọ̀mù náà kò tó ìka mẹ́ta, mo bá fi ìwé mẹ́rin kún un. Mo kọ ọ́ pé igi mẹ́rìnlélógún ni, orúkọ rẹ̀ ni rodo. N kò ṣàlàyé ohun tí rodo jẹ́, nítorí pé alábòójútó tí kò bá mọ rodo kò yẹ kó máa wo oko. Mo kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì mẹ́fà ń gbà á lọ́wọ́ Yétúndé nínú ọ̀rá kéékèèké, wọ́n sì jẹ́rìí pé kì í jẹ́ kí oorun kùn wọ́n níbi iṣẹ́ òru. Mo ya abala kan sọ́tọ̀ fún kòkòrò tó ń jẹ ewé ata, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn fún iná. Mo fọwọ́ sí i, mo mú un lọ fún Jessica. Ó ka ojú ìwé kìíní, ó wò mí, ó ka ìkejì, ó ní kí n jọ̀wọ́ jókòó.

Nígbà tí Yétúndé dé tó ka ẹ̀dà tí mo fi pamọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà. Ó ní igbó ni wọ́n rò pé a ń gbìn. Ó ní òfin ibí kò gbà ju igi méjì lọ nínú ilé kan, àwọn onílé yóò sì lé wa jáde. Mo ní òótọ́ ni mo kọ.

Ó ní, “Òótọ́ yẹn gan-an ló máa lé wa síta, Bàbá.”

Láti ọjọ́ náà kò jẹun dáadáa mọ́, ó sì ń kó páálí wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í bóyá ata ni a fẹ́ kó sínú wọn, ó kàn ń di aṣọ wa sínú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni alábòójútó náà dé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Nasir, Jessica tẹ̀ lé e. Mo wọ kóòtù. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí irúgbìn. Yétúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ra. Nasir gbóòórùn ewé, ó wo abẹ́ tábìlì, ó bi mí pé kí ni à ń fi í ṣe. Mo ní jíjẹ ni. Mo ń sọ fún un lọ́wọ́ pé a kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ti já ọ̀kan tó sì gé e sí méjì lẹ́nu.

Omi dà lójú rẹ̀, ó dà nímú rẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì mi mú. Jessica fẹ́ fún un lómi, mo dá a dúró. Omi kì í pa ata, ńṣe ló ń gbé e kiri ẹnu. Wàrà ló ń mú un kúrò. Ó mu ife méjì. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, “Ata ni, Jessica. Ata lásán ni.”

Mo sọ fún un pé kì í ṣe ata lásán.

Èsì wọn dé lánàá, ìlà méjì péré. A lè máa gbé ibi tí a wà, ata náà lè máa gbé bá wa. Kí a ṣáà máa fa kọ́tìnì ní agogo méje kí àwọn ará òdìkejì lè sùn. Yétúndé kà á, ó bú sẹ́kún. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó dun èmi náà. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ, wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa abala kòkòrò.

Jọ̀wọ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ sí Fàtáì aládùúgbò wa ní Ìgbòho, kó lè ra ajílẹ̀ sí ata ẹ̀yìnkùlé. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí mi tó wà lára ògiri ránṣẹ́, kí ọ̀gbẹ́ni Nasir lè mọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àbúrò rẹ sun ìta nínú òtútù yóò ṣọ́ òrùlé orí rẹ. Ẹnikẹ́ni kò ní ní kí o jáde níbi tí o bá gbé orí lé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Ọmọ́jọlá,
Alábòójútó Ọ̀gbìn, tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀.