Fóònù Ní Kí Aboyún Má Jẹun

Ilé Àlàájà Àbẹ̀ní,
Òkè-Adán,
Ìwó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Tẹjúmọ́lá, ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mọ́mì ń kọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan ní yunifásítì yìí. Zakiyyah, ìyàwó ọmọ onílé wa, nìkan ló máa ń kanlẹ̀kùn mi láti béèrè bóyá mo ti jẹun. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ló ń bí mi nínú.

Ó lóyún. Ní ilé ìwòsàn tó ń lọ, bí wọ́n bá wọn aboyún tán, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù nípa oúnjẹ tó yẹ kó jẹ. Ohun tó dára ni. Àmọ́ fóònù Kàbírù, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Lóṣù tó kọjá, fóònù ní Zakiyyah ti ń sanra jù, kó dín òkèlè kù. Háà! Kàbírù sọ ọ́ di òfin. Àlàájà, ìyá ọkọ rẹ̀, wá ń bu ẹ̀bà fún un bí ẹni ń bu fún ọmọdé. Bó bá ní ebi ń pa òun, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ṣé o gbọ́n ju fóònù lọ ni?" Bẹ́ẹ̀, eegun ọrùn rẹ̀ ti ń yọ lójú mi. Níjẹta, òòyì kọ́ ọ nídìí kànga, díẹ̀ ló kù kó ṣubú tòun tọmọ tó pọ̀n.

Lánàá, mo sìn ín lọ sílé ìwòsàn. Ó gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú Faridah, ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn! Nọ́ọ̀sì ò gbójú sókè, ó ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ lọ ràì. Èmi tí mi ò lè dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, mo pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kó sọ ọmọ kalẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Zakiyyah. "Ṣé báyìí náà lo ṣe lóṣù tó kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ ń sunkún, ẹ sì ní kí n ṣe kíá."

Wọ́n ka ọmọ ẹ̀yìn mọ́ ara ìyá, wọ́n sì febi pa á! Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n, ó ti rù kọjá bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó bi ikùn tirẹ̀ léèrè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ti ṣáájú wa délé. Kàbírù fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀bà ràbàtà wá, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ìyá Faridah, fóònù ti ní kí o jẹun o!"

Zakiyyah fọwọ́. Kò gbójú sókè títí abọ́ fi mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo wọ yàrá mi lọ, nítorí mi ò lè kí ọkọ rẹ̀ pé ó ṣeun.

Bá mi kí Mọ́mì àti Oyèdàmọ́lá, àbúrò wa. Bí o bá lóyún lọ́la, jọ̀ọ́, nọ́ńbà tìrẹ ni kí o fún wọn.

Èmi ni, ọmọ ìyá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Ayọ̀nitèmi.