Ọkà Bàbà Tí Kò Rí Òru

Plateau, Savè,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1985.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Savè níbí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kétu? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́, kí ẹ lè máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ yín bó ṣe yẹ? Ara èmi le, ara Kamarou ọkọ mi náà sì le. Ayọ̀ ni kí Ọlọ́run máa fi ránṣẹ́ láàárín wa.

Bàbá, ẹ má wá mú mi mọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí mo kọ sí yín kẹ́yìn kò jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa, nítorí mo ní ilé ọkọ ti sú mi. N kò sọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín.

Ẹ mọ̀ pé ìjọba ní kí gbogbo ilé máa gbin ohun tí yóò jẹ. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, ìyá ọkọ mi mú irúgbìn ọkà bàbà tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní kí n gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbìn ín. Láràárọ̀ ni mo ń ro ó kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkà náà ga ju orí ògiri lọ, ewé rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti gbogbo ará àdúgbò wa ti yọ orí, tiwa kò yọ nǹkan kan. Ewé ṣáá ni.

Ọdún kẹrin rè é tí mo ti wọlé ọkọ, n kò sì tíì bímọ. Ìyá kò bú mi rí lórí rẹ̀. Àfi ọjọ́ kan tí àwọn aládùúgbò dúró tí wọ́n ń wo ọkà náà, ni Ìyá bá sọ pé, "Ọwọ́ tó gbìn ín ni kò fẹ́ kó yọmọ."

Mo wọ yàrá lọ sunkún. Kamarou bá mi níbẹ̀, ó rán mi létí pé àgbàdo kì í ṣe èèyàn, ta ní ń rí ọmọ lẹ́yìn eèsún. Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ewéko, mo bẹ̀rẹ̀ sí rò pé bóyá òótọ́ ni. Àsìkò yẹn ni mo kọ lẹ́tà yẹn sí yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ já ewé fún ewúrẹ́. Bí mo ṣe dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, mo rí i pé ọkà ibẹ̀ ti yọ orí. Irúgbìn kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo wo yíká títí ojú mi fi bọ́ sára iná mànàmáná tí Souleymane aládùúgbò wa, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, gbé kọ́ sára ògiri rẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí olè. Iná náà kì í kú títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Gbogbo ọkà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn sí ló yàgàn. Èyí tí ògiri balùwẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ló yọ orí. Mo dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá. Gbogbo ara ewéko, látorí gbòǹgbò títí dé ṣóńṣó ewé, àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ dà á. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí a ká jọ. Ti ọkà bàbà jẹ́ ogún, ní méjì méjì, ìdajì láti ara akọ, ìdajì láti ara abo. Orí okùn wọ̀nyí ni àbùdá, tó ń sọ bí ewéko yóò ṣe rí, tò sí bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ló wà nínú gbòǹgbò, òun ló wà nínú ewé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn ń sùn, òmíràn jí. Àwọn tó ń mú ọkà yọ orí ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín, àmì ni wọ́n ń dúró dè. Fún irú ọkà tiwa, àmì náà ni kí òru gùn, kí ìmọ́lẹ̀ má sì já a ní àárín. Ewé ló ń wọn òkùnkùn náà. Iná Souleymane kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú fún un, ló ṣe ń hu ewé kún ewé.

Ìyá gbọ́ ọ dópin, wọ́n ró aṣọ wọn mọ́ra, ó di ọ̀dọ̀ Souleymane. Souleymane kọ́kọ́ ní olè kì í dúró de ọkà. Nígbà tó yá, ó fi páànù ògbólógbòó ṣe ìbòjú fún iná náà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló wá ń tàn sí.

Kí oṣù Bélú tó parí, mo wà ní kíláàsì ní ọjọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí yọjú lójú fèrèsé. Ìyá ni, tí wọn kò wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì rí. Wọ́n gbé orí ọkà kan lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọkà wa ti yọmọ." Bàbá, n kò lè parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ Kérésì la kórè. Ìyá ní ojú àwọn aládùúgbò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ sí mi náà ni àwọn yóò ti kó o jẹ, wọ́n sì pe gbogbo àdúgbò. A jẹ, a yó, Souleymane fúnra rẹ̀ lọ ọkà náà. Lẹ́yìn náà ni Ìyá ṣa orí tó tóbi jù, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Irúgbìn yìí ti di tìrẹ. Bí o bá bímọ, fún un. Bí o kò bí, fún ẹni tó bá wù ọ́. Èmi ti bí ọ."

Ẹ̀mí yín yóò gùn, Bàbá. Abẹ́rẹ́ kò ní gún yín lọ́wọ́, ojú yín kò ní ṣú sí iṣẹ́ yín, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ ara yín wá rí wa nínú ayọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fi inú dídùn kọ̀wé,
Awawou.

Àfikún: Ìyá dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti bá àwọn kí yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn rán bùbá kan, kí apá rẹ̀ gbòòrò.