Mo Ka Wáyà Bí Ẹni Ń Ka Ọjọ́ Ọjà

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Bàbá mi, ẹ kú oko, ẹ kú ọ̀dá òjò tí kò jẹ́ kí iṣu ta. Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀kadà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ bá gbé. Èmi ọmọ yín kúnlẹ̀ kí gbogbo yín láti Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn, nínú yàrá tí ọkọ mi gbé mi wọ̀, oṣù karùn-ún rèé. Ara mi le. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí lẹ́tà mi.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Bọ̀dá sí mi lórí fóònù. Ẹ ní àwọn ìyá àdúgbò wa tó wá ra aṣọ òfì ní Òjé ló mú ìròyìn bọ̀, pé ọkọ mi ń fi ẹ̀rọ kan bá àwọn ajínigbé sọ̀rọ̀, pé ó na wáyà sórí òrùlé láti fi pè wọ́n. Ẹ ní kí n di ẹrù mi sílẹ̀, pé Bọ̀dá ń bọ̀ wá mú mi lọ́jọ́ Sátidé. N kò lè fèsì nígbà yẹn, torí ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ sì mọ̀ mí: bí ẹ bá rán mi níṣẹ́ sí ilé onílé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni wọ́n ti bà wá lórúkọ jẹ́. Mo fẹ́ kí èsì mi náà wà níbi tí ojú pọ̀ sí.

Ọkọ mi ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Bẹẹrẹ, ẹ mọ èyí. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé ó wà lára àwọn kan tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n máa ń ṣe ìdánwò kí ìjọba tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Tirẹ̀ ti jáde kó tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín. Ó wà lára ògiri yàrá wa nínú dígí. Rédíò tí wọ́n ti tò tán láti òkè òkun wọ́n ju agbára wa lọ, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ń rà, gbogbo rẹ̀ á wá nínú ọ̀rá kékeré kan, á wá tò ó fúnra rẹ̀, á sì yí i padà bó ṣe wù ú. Agolo mílíìkì ló fi ṣe ilé fún un. Irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ wá láti inú ẹ̀rọ orin tó ti kú, bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń gbé e.

Iṣẹ́ tèmi ni wáyà wíwé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, agbo ilé yìí kún fọ́fọ́, n kò sì mọ ẹnì kankan. Ọ̀sán máa ń gùn, páànù á máa yan wá bí ẹ̀pà, èmi á jókòó máa wo ọwọ́ ọkọ mi. Ó mọ̀ pé mo mọ irun òwú dì, ló bá fún mi ní òrùka dúdú kan tí kò ju yẹtí ọmọdé lọ, ó ní kí n ki wáyà bàbà tín-ín-rín bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Òrùka mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló wà níbi tí ohùn ti ń jáde. Ó ní asẹ́ ni wọ́n. Bí wáyà ara wọn kò bá pé, ó dà bí asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, èérí á bá ògì jáde, rédíò wa á sì máa kó sí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Mo wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wò wọ́n, ó ní ọwọ́ mi mọ́ ju tòun lọ, kò tún wọn kà. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ládàánì mọ́sáláṣí ìdílé tan gbohùngbohùn, ó fẹ́ pe ìrun Alaasárì. Ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni, ó ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi nọ́ńbà sí i. Ọkọ mi ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn ni orúkọ tí ìjọba fún un lórí rédíò, dandan ni kó máa pè é. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Àwọn obìnrin tó ń pọnmi ju ike sílẹ̀. Bọ̀dá Télọ̀, tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ́kán wa, ló tọ wáyà òrùlé dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Ó ní òun ti ń wí i tipẹ́. Ó ní ṣé rédíò ń jẹ nọ́ńbà ni, àbí iye orí wa ló ń kà fún àwọn ajínigbé.

Mọ́gàjí, olórí ìdílé, ní kí ọkọ mi pa á títí di ọjọ́ Àìkú tí ìdílé máa jókòó. Bí kò bá lè sọ ohun tó gbé ohùn rẹ̀ dé mọ́sáláṣí, kí àwa àti rédíò wá ilé mìíràn.

Ọkọ mi yẹ gbogbo ara rédíò wò, àfi òrùka mi. Ó ní èyí tí ìyàwó òun wé kò lè ní àléébù. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ka iye ìgbà tí wáyà wọ ihò òrùka kọ̀ọ̀kan. Méje. Mo tún un kà. Méje.

Ìyá mi, ibi tí mo ti ṣì í rèé. Ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń ka ọjà wa ọrọọrún, pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wà lórí ọjà ni ení, pé a kì í fo òní ká tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka wáyà. Mo gbé ìdí rẹ̀ lé ara òrùka, mo pè é ní ení, n kò tíì kì í bọ ihò. Ìgbà tí mo fi máa pe ẹ̀jọ, ẹ̀ẹ̀meje péré ló wọlé. Wáyà kì í ka òní mọ́ ọn.

Mo mọ̀, n kò sọ. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má baà ní ìyàwó tuntun ló gbé àgbákò wọlé. Jímọ̀ kọjá, Sátidé kọjá. Bí ọkọ mi bá mí kanlẹ̀, màá la ẹnu, màá tún pa á dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mọ́gàjí bi ọkọ mi ní ohun tó bàjẹ́. Ó ní òun kò mọ̀. Bọ̀dá Télọ̀ ní kí wọ́n gbọ́, pé olè kì í mọ ibi tí ẹrù ti wá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo dìde láàárín àwọn ìyàwó ilé. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní èmi ni mo ka wáyà ṣì. Télọ̀ ní ẹ wo ìyàwó rere tó ń bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí.

Mo gbé rédíò náà ní ṣíṣí síwájú Mọ́gàjí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi kà á. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé ìdí: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ. Wọ́n ní mẹ́jọ pé, kí ló ń ṣe ojú mi. Ìyá ọkọ mi kà á, mẹ́jọ. Télọ̀ alára kà á, mẹ́jọ. Ọkọ mi wá ka iye ìgbà tó wọ ihò, ó ní méje. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ajínigbé. Bàbá kan ní ilé ìwé ló ba kíkà jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ́wọ́. Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n tún òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé níwájú gbogbo ilé, kí ládàánì tan gbohùngbohùn, kí gbohùngbohùn dájọ́.

Wáyà já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo mú òmíràn. Iye ìgbà tó wọ ihò ni mo ń kà lọ́tẹ̀ yìí, títí tó fi pé mẹ́jọ. Ọkọ mi fi irin gbígbóná jó àwọn òrùka mọ́ pátákó inú rédíò, ó tàn án, ó pe orúkọ rédíò rẹ̀. Gbogbo wa kọjú sí mọ́sáláṣí. Ohun kan ṣoṣo tí a gbọ́ lókè ni ikọ́ ládàánì. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì dáhùn láti Ìlọrin, ó ní òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mọ́gàjí ní kí ọkọ mi bá àwọn kí i kú òjò.

Wọ́n ní ká máa gbé inú ilé lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ àwọn, ká má sì tan rédíò lásìkò ìrun. Télọ̀ kò tíì kí wa. Ìyá ọkọ mi ní àṣìṣe kíkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, dídákẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Ọkọ mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń se ọbẹ̀ tó fẹ́ràn, mo ń dúró.

Ìyá mi, bí Bọ̀dá bá gbé ẹrù mi jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́jọ́ Sátidé, ẹjọ́ tí Mọ́gàjí dá á bàjẹ́. Wọ́n á ní ilé ìyàwó gan-an ò gbà á gbọ́, Télọ̀ ò sì ní í wá ẹ̀rí mìíràn mọ́. N kò di ẹrù kankan. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ni, n kò rí yín fín. Tí Bọ̀dá bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá bí àna. Kí wọ́n kọ́kọ́ kí Mọ́gàjí, kí wọ́n jókòó ti ọkọ mi níta, níbi tí gbogbo agbo ilé á ti rí wọn.

Kí Ọlọ́run rọ òjò sí oko Bàbá, kó fi ọwọ́ ìtura kan orúnkún tó ń dùn yín, Ìyá mi. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò, àti àwọn ìyá tó wá sí Òjé náà. N kò bínú sí wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbé ilé ọkọ,
Àbẹ̀kẹ́