Orí Abẹ́rẹ́ Ìlà Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ìwé orin tuntun dé. Ẹni tó bá fun ún dáadáa jù lọ́jọ́ kẹtàlélógún ni yóò jókòó sí àga àkọ́kọ́ láàárín àwa tí à ń fun kílárínẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́. Mo fẹ́ àga yẹn débi pé ojú ń tì mí. Ní ìlà kẹta, àmì dúdú kan wà lábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, bí orí abẹ́rẹ́: kí ahọ́n kan ríìdì, pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, kí ohùn já kúkúrú. Kò sí afárá kankan níbẹ̀ — ìyẹn ìlà títẹ̀ tó ń ní ká so ohùn pọ̀ láìlo ahọ́n. Ó yé mi kedere. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé ti ń wá òwú tí yóò fi dí etí.

Ọjọ́rú, 6
Ẹ̀kọ́ fèrè lọ́dọ̀ olùkọ́ mi, Bàbá Àlàyé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò mọ̀. Mo fun ìlà kẹta bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó nawọ́ sókè, ó fi pẹ́ńsù ya afárá gbọọrọ sórí gbogbo rẹ̀. Ó ní orí abẹ́rẹ́ kì í ṣe àṣẹ, ìmọ̀ràn ni. Ó ní ó ti rẹ ẹni tó kọ orin náà nígbà tó dé ojú ìwé yẹn. Ta ló sọ fún un? Ṣé wọ́n jọ jẹun alẹ́ ni?

Mo ní kó fun ún kí n gbọ́. Fèrè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Láti ọdún tó kọjá ló ti wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n ti fún un ní yàrá.

Àbámẹ́ta, 9
Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mìíràn, fẹ́ àga náà. Ó ń fun ìlà kẹta bí ẹni ń da òróró. Ó ní àṣà ilé wa nìyẹn. Ilé wo?

Ìṣẹ́gun, 12
Mo fi afárá dánra wò, mo fi orí abẹ́rẹ́ dánra wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ariwo kan náà ni.

Ẹtì, 15
Ibi iṣẹ́, lọ́dọ̀ dókítà eyín tí mò ń ràn lọ́wọ́. Ta ló bọ́ sórí àga? Bàbá Àlàyé. Èmi ni mo mú rọ́bà tó ń fa itọ́ dání, ìbòmú bo imú àti ẹnu mi. Ó yọ eyín òkè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó wọn sínú abọ́. Àtọwọ́dá. Ó ní bí ahọ́n òun bá ti ń yára kan ríìdì, ṣe ni wọ́n ń ṣí kúrò. Ó bẹ dókítà pé kó bá òun dè wọ́n le, kí òun lè fun fèrè. Dókítà ní egungun tó kù kò lè gbà á.

Àṣà ilé wa nìyẹn o! Mo rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú. Nígbà tó fi ọwọ́ bo ẹnu jáde, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 18
Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni; ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í jáde níbi iṣẹ́ wa. Bí mo bá fun ún bó ṣe fẹ́, àga lọ. Bí mo bá fun ún bó ṣe wà nínú ìwé, mo dójú tì í láàárín àwùjọ. Mo pa afárá rẹ́. Mo tún yà á. Ìwé ti fẹ́ lu.

Àbámẹ́ta, 23
Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Òróró. Olórí ẹgbẹ́, obìnrin tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, bi í pé àwọn àmì abẹ́ ohùn dà. Ó ní ìmọ̀ràn ni wọ́n, mà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń kọ́ àwa méjèèjì ní fèrè jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń wo bàtà wọn.

Ó kàn mí. Mo fun gbogbo orí abẹ́rẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Àga di tèmi.

Ọ̀gá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń to irọ́ pọ̀.

Wọ́n ní, "Ìwọ lo mú rọ́bà dání lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Mo mọ ojú rẹ lókè ìbòmú."

Wọ́n tún ní, "Bí mo ṣe ń fun ún náà nìyẹn kí eyín tó lọ. Láti Ọjọ́rú, ìwọ ni kí o máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yòókù ní ìlà kẹta."

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà. Mo délé, mo fẹ́ kọ orúkọ tí mo fún wọn síbí bí ìṣe mi, ọwọ́ mi kọ̀.